Àwọn Obìnrin Tó Kun Ògiri Ilé Ajíbógun

Pátákó ni Hasanat fi ń jẹun. Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń kọ orúkọ sára ṣọ́ọ̀bù àwọn oníṣòwò Ẹdẹ: aránṣọ, onígbàjámọ̀, àwọn tó ń ta sìmẹ́ńtì lọ́nà Ṣẹ́kọ̀nà. Bí kẹ̀kẹ́ bá sáré kọjá tí ẹ rí "Olúwa Ò Sùn" lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́tà pupa tí òjìji dúdú tẹ̀ lé, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yóò sọ pé ọwọ́ Hasanat nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní bí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, àwọn tó ń fi ẹ̀rọ tẹ bánà onírọ́bà rọ́ dé iwájú pólì, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún un. Ohun tó ń fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe, ẹ̀rọ ń pọ̀ ọ́ jáde kí oníbàárà tó mu omi tán. Nígbà tó yá, iṣẹ́ tó kù fún un kò ju kó kun fẹ́ǹsì lọ, kó sì kọ "Ilé yìí kì í ṣe títà" sára ògiri àwọn ẹbí tó ń bára wọn jà.

Ọkọ rẹ̀ ti kú. Jibril, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, wà ní Èkó. Agbo ilé Ajíbógun tí wọ́n ti bí i náà ló padà sí, tó ń tọ́jú Sìmbíátù, ìyá tó bí bàbá rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Ojú rẹ̀ kan ti fọ́, èkejì ń ríran bàìbàì. Bí ó bá jí láàárọ̀ tí ara rẹ̀ dá, á máa ki Hasanat ní "Àsàbí ọmọ mi". Bí ara kò bá dá, á bi í pé ọmọ ta ni.

Alájì Ràṣídì, àkọ́bí Ìyá Àgbà, ni olórí ilé. Ẹ̀gbọ́n bàbá Hasanat ni, tíṣà ni kó tó fẹ̀yìn tì, òun ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ di ọwọ́ Hasanat mú lórí síléètì tó fi mọ lẹ́tà á kọ.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ń jẹ́ Ruth ló háyà yàrá ẹ̀gbẹ́. Ó ń kàwé gboyè kejì nípa ìtàn iṣẹ́ ọnà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan tí ìjọ dá sílẹ̀. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Bí iná bá wà, á lọ aṣọ Hasanat mọ́ tirẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Ruth gbé ìwé fẹ̀ǹfẹ̀ kan wá bá Hasanat níbi tó ti ń fi kẹrosíìnì fọ búrọ́ọ̀ṣì.

"Àńtì, ẹ wo nǹkan kan. Ṣé ẹ̀yìnkùlé wa kọ́ nìyí?"

Fọ́tò dúdú àti funfun ni. Ògiri amọ̀ gbọọrọ kan ló wà níbẹ̀, wọ́n sì ti kun ún látòkè délẹ̀: ẹyẹ tó na ọrùn, alángbá, òṣùpá ńlá kan, àti ìlà tó ń lọ kọ́lọkọ̀lọ bí odò tó ń wá ọ̀nà. Ọmọbìnrin kan dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri náà, ó pọn ọmọ, ó gbé igbá dání. Hasanat nu ọwọ́ sára ìró rẹ̀ kó tó fọwọ́ kan ìwé náà. Ó mọ ògiri yẹn. Ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ ti wó, ṣùgbọ́n ìdá kan tó kù wà lẹ́yìn balùwẹ̀ wọn títí di ọjọ́ náà, òṣùpá yẹn sì wà lára rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ewédò ti bò ó. Ó tún mọ àbàjà tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ ọmọbìnrin náà.

"Ìyá Àgbà nìyí," ló wí. "Kí ni wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀?"

Ruth ń lọ́ra. "Wọ́n ní ògiri kan ní Ẹdẹ ni, ọdún 1953. Wọ́n ní ẹni tó ṣe é, a kò mọ̀."

"Kí tún ni?"

"Wọ́n ní... wọ́n ní obìnrin abúlé tó dúró síbẹ̀, òun ni kí a fi mọ bí ògiri náà ṣe ga tó."

Hasanat gbójú sókè. "Ìyá Àgbà ni wọ́n fi wọn ògiri?"

Hasanat ní kó ka ìyókù. Ọmọbìnrin náà ń túmọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ojú ń tì í bí ẹni pé òun ló kọ ọ́. Ọ̀gbẹ́ni òyìnbó tó kọ ìwé náà sọ pé àwọn obìnrin ibí kì í ronú kí wọ́n tó kun ògiri, pé bí ẹyẹ ṣe ń kọ́ ìtẹ́ ni wọ́n ṣe ń ṣe é, ọwọ́ kàn ń lọ ni. Ó ní nítorí náà a kò lè kà á mọ́ ọnà. Ó ní ọnà gidi ilẹ̀ yìí ni èyí tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà fi igi àti idẹ ṣe, èyí tí a lè gbé.

"Èyí tí wọ́n lè gbé lọ," Hasanat wí. Ó ti ìwé náà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó tún fà á padà. "Òun ni wọ́n fi ń kọ́ yín?"

"Òun la fi ń bẹ̀rẹ̀, Àńtì. Olùkọ́ wa kan tilẹ̀ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó ni fọ́tò yìí, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń ṣe àfihàn ńlá lóṣù tó ń bọ̀. Wọ́n máa mú fọ́tò yìí tóbi tó ilé."

"Orúkọ wo ni wọ́n máa kọ sí i?"

"Ohun tó wà nínú ìwé yìí náà ni."

Hasanat rántí ìgbà tó wà lọ́mọdé. Ìyá Àgbà máa ń po ẹfun sínú awẹ́ igbá, á fi ìyẹ́ adìẹ lé e lọ́wọ́ kó máa fa ìlà sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, á ní: "Má jẹ́ kí ọwọ́ dúró. Ọwọ́ tó bá dúró, ẹ̀rù ló ń bà á." Gbogbo lẹ́tà tó ti kọ láyé rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti wá. Ṣùgbọ́n ó tún rántí pé bí bàbá rẹ̀ tàbí Alájì bá ti yọjú, Ìyá Àgbà á fi ẹsẹ̀ pa á rẹ́ kíá. Nínú ilé tí wọ́n ti ń lọ Mẹ́kà, ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀ ògiri ẹ̀yìnkùlé, tó jẹ́ ògiri ojúbọ òrìṣà nígbà kan rí.

Ní ọjọ́ náà gan-an ló ní kí Ruth gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá, kí àwọn kọ̀wé sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà. Òun ń sọ ọ́ ní Yorùbá, Ruth ń kọ ọ́ lédè òyìnbó.

"Kọ ọ́ pé orúkọ mi ni Hasanat Ajíbógun, kọ̀wékọ̀wé ara pátákó ni mí, n kò kàwé púpọ̀. Kọ ọ́ pé ẹ ní ẹ kò mọ ẹni tó kun ògiri wa, bẹ́ẹ̀ ẹni náà ni ẹ ní kó dúró kí ẹ fi wọn ògiri. Ẹ rí i, ẹ kò bi í ní orúkọ. Kọ ọ́ pé ó ń jẹ́ Sìmbíátù, ó ṣì wà láyé, mo bu ògì fún un láàárọ̀ yìí. Kọ ọ́ pé kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí i."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi retí èsì. Hasanat kì í fọwọ́ kan ohunkóhun láàárọ̀ kó tó kan ilẹ̀kùn Ruth. Nígbà tí èsì dé, obìnrin kan ló kọ ọ́, ó sì kọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó ní, ṣùgbọ́n ìwé kan wà nínú fáìlì àwọn. Ní ọdún 1984, ẹnì kan láti ọ̀dọ̀ àwọn wá sí Ẹdẹ láti bèèrè ọ̀rọ̀ yìí, aṣojú ẹbí Ajíbógun sì fọwọ́ sí i pé kò sí ẹni tó mọ àwọn tó kun ògiri náà nínú ilé. Bí wọ́n bá fẹ́ yí i padà, ẹni tó fọwọ́ sí ti àkọ́kọ́, bó bá ṣì wà láyé, gbọ́dọ̀ kọ òmíràn. Iṣẹ́ lórí àwọn àkọlé yóò parí lọ́jọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, ó sì fi ẹ̀dà ìwé àtijọ́ náà mọ́ ọn.

Kí Ruth tó túmọ̀ rẹ̀, Hasanat ti mọ ọwọ́ ìkọ̀wé yẹn. Ọwọ́ tó kọ́ òun ní "a" àti "b" ni. *R. A. Ajíbógun.*

Alájì Ràṣídì jókòó síwájú ilé lẹ́yìn ìrun alásàrì, tẹ̀súbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Hasanat kúnlẹ̀, ó na fóònù sí i, fọ́tò inú ìwé náà ló wà níbẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ta nìyí?"

Alájì fi dígí ojú rẹ̀ sí i dáadáa. "Ìyá mi ni."

"Ta ni wọ́n pọ̀n?"

Tẹ̀súbáà dúró. "Èmi ni."

"Kí ló wá dé tí ẹ fi kọ ọ́ fún wọn pé ẹ kò mọ ẹni tó kun ún?"

Alájì dá fóònù padà fún un. Kò bínú, èyí ló tilẹ̀ dun Hasanat jù. "O kò tíì gbọ́n nígbà yẹn," ló wí. "Bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Mẹ́kà dé. Wọ́n fẹ́ fi wọ́n ṣe igbá kejì lèmọ́mù. Àwọn kan ń sọ ọ́ kiri pé ìyàwó ẹni tó fẹ́ dúró síwájú wa kírun ti fìgbà kan kun ògiri ojúbọ. Ọkùnrin tó ti ọ̀dọ̀ wọn wá náà mú bírò jáde, ó ní ta ló ṣe é. Bí mo bá ní ìyá mi ni, ìwé á gbé e, ìwé kì í kú. Mo ní a kò mọ̀. Ààbò ni mo fi bo orúkọ ìyá mi."

"Ẹ bò ó títí ó fi parẹ́, Bàbá."

"Hasanat."

"Ẹ bá mi kọ òmíràn. Ìlà mẹ́ta péré ni."

"Kí àwọn ọmọ mi lè kà á lórí fóònù pé ìyá wa ń kun ojúbọ òrìṣà? Dìde. Máa lọ."

Ọjọ́ mọ́kànlá ló kù. Hasanat rò ó pé bí Alájì kò bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ògiri á sọ ọ́. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá ewédò kúrò lára òṣùpá yẹn, ó ń ya fọ́tò rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Àwọ̀ ṣì wà níbẹ̀: osùn, èédú, ẹfun, àti omi èèpo igi irú tí wọ́n fi pa á lójú kí òjò má baà tètè fọ̀ ọ́. Ó sọ fún Ruth pé kó kọ̀wé sí wọn pé kí ẹnì kan wá wò ó. Ó lọ ra tàpólì lọ́jà kí òjò má baà kan ògiri náà, ó fi ìṣó kàn án mọ́ igi lókè ògiri.

Òjò Àlàmísì ọ̀sẹ̀ yẹn kò dúró de ẹnikẹ́ni. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni, ojú ọ̀run ṣú bí ẹni pé ilẹ̀ ti ṣú, atẹ́gùn sì já tàpólì náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó gbé e lọ sórí òrùlé ẹlòmíràn. Hasanat sáré jáde. Ó bọ́ ìborùn rẹ̀, ó ta á bo ògiri, ó fi ẹ̀yìn tì í, ó na apá rẹ̀ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ dí ẹnu ọ̀nà mọ́ olè. Ruth ń kígbe láti ẹnu ilẹ̀kùn: "Àńtì, ẹ kúrò níbẹ̀! Ó máa wó lù yín!" Hasanat gbọ́ ọ lẹ́yìn rẹ̀, ohùn kékeré kan bí ẹni ń fa ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ruth ló fà á kúrò. Ògiri náà kò tilẹ̀ pariwo. Ó jókòó sílẹ̀ ni, bí arúgbó.

Hasanat kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó ń ṣa àwọn ègé tí àwọ̀ wà lára wọn sínú ọpọ́n ìfọṣọ. Bó ṣe ń ṣà wọ́n ni wọ́n ń yọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tó gbé ọpọ́n náà wọlé, omi pupa ló wà níbẹ̀, bí omi tí wọ́n fi ṣan ẹran. Ó jókòó tì í títí Ruth fi gba aṣọ tútù lára rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ara Ìyá Àgbà dá. Ó jókòó sórí ẹní lẹ́bàá fèrèsé, ó ń fi ìka wá ooru oòrùn. Ó bi Hasanat pé kí ló wó lánàá.

"Ògiri yín ni, Ìyá Àgbà. Èyí tí ẹ kùn."

Arúgbó náà mi orí. Ruth ti gbé fóònù sókè, ó ń gba ohùn àti àwòrán rẹ̀ sílẹ̀.

"Ìyá Àgbà, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n gbọ́. Ta ló kun ògiri yẹn?"

"Èmi kọ́."

Hasanat sún mọ́ ọn. "Ìyá Àgbà, ẹ̀yin ni. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Fọ́tò yín wà níbẹ̀."

"Èmi kọ́, Àsàbí. Àwa ni." Ó gbé ọwọ́ sókè bí ẹni fẹ́ kọ nǹkan sójú afẹ́fẹ́. "Ìyá ọkọ mi, Àdùnní, ló ń fà á. Bí ó bá fa ìlà, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Mọ́ríámọ̀ ló ń po àwọ̀. Ṣìfáwù ló ya ẹyẹ, nítorí òun ni ẹyẹ ń yá lọ́wọ́. Àwẹ̀ró tó lọ fẹ́ ará Alájùẹ́, òun ló ya alángbá, Bọ́láńlé ń fi èédú tẹ̀ lé e. Èmi, ọmọ wà lẹ́yìn mi, omi ni mò ń pọn, mo sì kun ìdí rẹ̀ nísàlẹ̀. Òṣùpá yẹn, ọjọ́ mẹ́ta ni a fi jiyàn lórí ibi tó máa wà. Ọjọ́ mẹ́ta! Mọ́ríámọ̀ tilẹ̀ bínú lọ sílé bàbá rẹ̀. Àdùnní ní bí òṣùpá bá wà láàárín, odò kò ní rí ọ̀nà kọjá. Òótọ́ sì ni."

Ruth ń sunkún, ó sì di fóònù náà mú gírígírí. *Wọn kì í ronú kí wọ́n tó kun ún.*

"Àwa mẹ́jọ ni," arúgbó náà ń bá a lọ. "Ó ku méjì tí n kò tíì dárúkọ. Ọ̀kan dúdú, eyín rẹ̀ là níwájú. Orúkọ rẹ̀... orúkọ rẹ̀ wà lẹ́nu mi yìí." Ó ń wá a, ẹnu rẹ̀ ń mì. Kò rí i.

"Báwo ló ṣe wá jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ wà nínú fọ́tò?"

"Òyìnbó tó ń ya fọ́tò ní kí a kúrò níbẹ̀. Àwọn yòókù ti lọ. Ràṣídì ń ké lẹ́yìn mi, n kò tètè gbọ́. Bó ṣe rí mi ló ní ó yá, kí n dúró." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá ọwọ́ Hasanat kàn, ó dì í mú. "Má kọ orúkọ èmi nìkan o. Bí mo bá dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́hùn-ún, kí ni kí n wí?"

Ìlà kan ṣoṣo ló wà fún orúkọ nínú fọ́ọ̀mù náà. *Oníṣẹ́ ọnà.* Ọ̀kan.

Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà sáàárín ara wọn ní ọjọ́ Túsìdeè, Hasanat ń wo ìlà yẹn bí ẹni wo ojú kànga. Ruth ní, "Àńtì, ẹ jẹ́ ká fi ti Màmá sí i. Ọ̀kan sàn ju òfo lọ. Bí wọ́n bá ti gba ọ̀kan, a lè wá máa bá àwọn yòókù bọ̀."

Hasanat mọ̀ pé òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ní tòótọ́, ó ní kí Ruth tẹ̀ ẹ́. *Sìmbíátù* wà níbẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, ó dúró ṣánṣán, ó sì lẹ́wà lójú rẹ̀. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀.

"Pa á rẹ́," ló wí. "Tẹ gbogbo wọn. Bí kò bá gbà á, kó kọ̀ ọ́."

Wọ́n tẹ orúkọ mẹ́fà, wọ́n sì kọ "àti àwọn méjì tí a ṣì ń wá orúkọ wọn". Hasanat ní kí Ruth fi kún un pé: "Ẹ̀yin lẹ ní ẹnì kan ṣoṣo ló ń ṣe ọnà, tí ẹ bá sì rí ọ̀pọ̀ ènìyàn, ẹ ní kò sí ẹnikẹ́ni. Níbí, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣe òfo." Obìnrin náà fèsì lọ́jọ́ kejì. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára, ó ní, òun ti fi fídíò náà han àwọn ọ̀gá òun. Orúkọ mẹ́fà kò ní ṣòro fún wọn. Ṣùgbọ́n ìwé ọdún 1984 ṣì dúró, àfi kí ẹni tó kọ ọ́ yí i padà kí aago márùn-ún Jímọ̀ tó lù.

Ó ku ọjọ́ méjì.

Ní Àlàmísì, Hasanat tọ Alájì lọ, ó dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin. Ó kàn gbé fóònù sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó jẹ́ kó máa sọ. Alájì gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ tó ń ka orúkọ àwọn ìyá tó gbé e jó. Nígbà tó dé ibi "Ràṣídì ń ké lẹ́yìn mi", ó fi etí agbádá bo ẹnu. Hasanat rò pé ó ti parí, pé bírò ló kù.

"Ó di ọ̀la," Alájì wí.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ó jáde lọ kírun, kò sì padà wálé. Aago mẹ́ta lù. Hasanat lọ sí mọ́ṣáláṣí, wọ́n ní ó ti jáde. Ó gun ọ̀kadà lọ sílé ọ̀rẹ́ Alájì kan ní Ṣẹ́kọ̀nà, wọn kò rí i. Ó pe fóònù rẹ̀ títí ara fóònù tirẹ̀ fi gbóná, ó ń dún níbẹ̀, kò sí ẹni tó gbé e. Ruth ń pè é láti ilé: "Àńtì, ó ku ogójì ìṣẹ́jú. Àńtì, ó ku mẹ́ẹ̀ẹ́dógún." Hasanat dúró sí oríta, àwọn mọ́tò ń fọn fèrè sí i, ìwé tí Ruth ti kọ sílẹ̀ fún Alájì wà lọ́wọ́ rẹ̀, òógùn ti fẹ́ẹ̀ pa á rẹ́. Ó wá sí i lọ́kàn pé kí òun fọwọ́ sí i fúnra òun. Ó mọ ọwọ́ ìkọ̀wé yẹn ju ti ara rẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tó máa mọ̀. Ó fa bírò yọ. Ó tẹ ìwé náà lé orí ìjókòó ọ̀kadà. Ọlọ́kadà bi í pé, "Ìyá, ṣé kò sí?" Ibẹ̀ ló wà tí aago márùn-ún fi lù, bírò dúró lókè ìwé, kò kọ nǹkan kan.

Òwúrọ̀ Túsìdeè tó tẹ̀ lé e ni Alájì wọ yàrá Hasanat, tí kì í wọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó gbé ìwé kan sílẹ̀ lórí ibùsùn. Ó ti lọ búra ní kóòtù. Òǹtẹ̀ wà níbẹ̀, orúkọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà níbẹ̀, ó sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: *Ẹ̀yìn ìyá mi ni mo wà lọ́jọ́ náà. Mo purọ́ ní ọdún 1984.*

"Ó ti pẹ́ jù, àbí?" ló bi í.

"Ó ti pẹ́ jù, Bàbá."

Ruth fi í ránṣẹ́ síbẹ̀. Wọ́n dúpẹ́. Wọ́n ní àwọn àkọlé ti jáde, àwọn á fi ìwé náà sínú fáìlì, wọ́n á tún un yẹ̀ wò lọ́dún tó ń bọ̀. Nígbà tí àfihàn náà ṣí, Ruth rí àwòrán rẹ̀ lórí ayélujára: fọ́tò náà tóbi bí ilé lóòótọ́, àwọn ènìyàn dúró síwájú rẹ̀ tí wọ́n mú ife wáìnì dání, ojú Sìmbíátù sì tóbi ju gbogbo ara wọn lọ. Nísàlẹ̀, wọ́n rọra kọ ọ́ pé: *A kò mọ ẹni tó ṣe é.*

Lẹ́yìn ìyẹn, Ìyá Àgbà kò dìde mọ́. Kò jẹun mọ́, omi ni Hasanat ń fi òwú kán sí i lẹ́nu. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó la ojú, ó sì mọ ẹni tó wà níwájú rẹ̀.

"Àsàbí. Ṣé wọ́n ti kọ wọ́n?"

Hasanat kò lè gbé ojú rẹ̀ kúrò lójú kan tó ń wò ó bàìbàì yẹn. "Wọ́n ti kọ wọ́n, Ìyá Àgbà. Gbogbo wọn pátá."

"Àti ti eléyín líla?"

"Àti tirẹ̀."

Arúgbó náà mí kanlẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n sin ín, lẹ́yìn ìrun àílà.

Irọ́ yẹn kò jẹ́ kí Hasanat jókòó. Ó ti parọ́ fún ẹni tó ń lọ jíṣẹ́. Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, ó gbé àkàbà síbi fẹ́ǹsì iwájú ilé, èyí tó kọjú sí títì. Ó fi ọ̀dà funfun kun ún, ó jẹ́ kó gbẹ, lẹ́yìn náà ló mú pupa. Ó kọ wọ́n gàdàgbà-gàdàgbà, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ga tó ọmọ ọdún mẹ́ta: ÀDÙNNÍ. MỌ́RÍÁMỌ̀. ṢÌFÁWÙ. ÀWẸ̀RÓ. BỌ́LÁŃLÉ. SÌMBÍÁTÙ. Nísàlẹ̀ ó kọ ọ́ pé: *Àwọn ló kun ògiri ilé Ajíbógun.* Àwọn ọlọ́kadà ń dúró kà á. Alájì gbé àga rẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó, ó ń wò ó.

Kò pé ọjọ́ mẹ́rin tí àwọn ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Àgbà obìnrin kan gun ọ̀kadà wá láti Alájùẹ́, ó ní òun ni ọmọ Àwẹ̀ró, pé ṣé òótọ́ ni ìyá òun ń ya àwòrán? Láti ìgbà tí òun ti dáyé, oko ni òun mọ̀ ọ́n sí. Ó dúró síbẹ̀ títí ẹsẹ̀ fi ro ó, ó ń fi ìka tọ lẹ́tà ìyá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Hasanat bi í nípa eléyín líla. Kò mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ kejì ni Teslim dé, ọmọ ọmọ Ṣìfáwù, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjì. Bàbá wọn ló ń kírun síwájú àwọn ènìyàn ní àdúgbò kejì. Wọn kò pariwo.

"Ìyá Jibril, ẹ bá wa pa orúkọ ìyá wa rẹ́."

"Kí ló dé?"

"Ẹ mọ ohun tó dé. Ògiri ojúbọ ni. Ìyá wa kú sínú ìmọ̀le. Àwọn ènìyàn ti ń béèrè lọ́wọ́ bàbá wa." Ó yíjú sí Alájì. "Bàbá, ẹ bá wa dá sí i. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń rí."

Alájì gbójú sókè. "Mo mọ̀ ọ́n," ló wí. "Mo ti fọwọ́ sí irú rẹ̀ rí. N kò ní í fọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ bi ẹni tó kọ ọ́."

Gbogbo ojú padà sọ́dọ̀ Hasanat. Ó wo lẹ́tà mẹ́fà náà, S tó fi àmì sábẹ́ rẹ̀ dáadáa, ẹyẹ kékeré tó yà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nítorí pé òun ni ẹyẹ ń yá lọ́wọ́. Ó ronú pé kí òun kọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá wọn ni. Ṣìfáwù kò bí òun. Bí òun bá fi agbára mú orúkọ olórúkọ, kí ni ìyàtọ̀ láàárín òun àti ẹni tó ní kí obìnrin dúró láìbi í léèrè?

"Ṣé ó dá yín lójú?" ló bi wọ́n.

"Ó dá wa lójú."

"Àwọn ọmọ yín ńkọ́? Ṣé wọ́n mọ̀ pé ẹ wá?"

Teslim ti àkàbà sún mọ́ fẹ́ǹsì.

Hasanat gun àkàbà. Ọ̀dà funfun ń kán sí i láṣọ. Ó kun ún lẹ́ẹ̀kan, ó kun ún lẹ́ẹ̀mejì, ó kun ẹyẹ náà mọ́ ọn. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n kí Alájì, wọ́n lọ. Ó fọ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Alájì. Àyè funfun náà ṣì wà níbẹ̀ títí di òní, láàárín Mọ́ríámọ̀ àti Àwẹ̀ró.